Orin Ọ̀dọ́ àti Ẹ̀rù Àgbà

Kò tíì sí ìran kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ òǹkàwé, tí àwọn àgbà rẹ̀ kò káwọ́ lérí nítorí orin tí àwọn ọmọ wọn ń kọ. Bí o bá jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn bàbá ní Awo wa yìí, tí ọmọkùnrin kan sì kọjá pẹ̀lú irun tí ó pa láró bí aṣọ àdìrẹ, ohun tí wọn yóò sọ nípa rẹ̀ yóò mú ọ rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí rí láti ìgbà tí a ti dá ayé. Wọn a ní ayé ti bàjẹ́. Wọn a ní orin ìsinsìnyí kò ní ìtumọ̀, pé ariwo lásán ni. Èmi náà ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ, ìtàn ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn sì ní ọ̀rọ̀ kan láti bá àwọn bàbá abẹ́ igi náà sọ, ó ní òmíràn láti bá ìwọ sọ.

Má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Socrates, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án sì ni pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1957, nígbà tí Elvis Presley wá kọrin lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, láti ìbàdí rẹ̀ sókè nìkan ni wọ́n fi hàn, kí àwọn ọmọ má baà rí bí ó ti ń fi ìdí jó. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń dáàbò bò nígbà náà ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí, àwọn náà sì ń ráhùn nípa ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Awo ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Ẹdẹ àti Òṣogbo ni àwọn ìlú ńlá tí kò jìnnà sí wa, láti ibẹ̀ ni àṣà tuntun sì ti máa ń tọ̀ wá wá, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe orin. Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, olùkọ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúró Ládípọ̀. Ọmọ ilé ìgbàgbọ́ ni; inú ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní àkókò náà, orin inú ìwé orin mímọ́ ni a ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ni a sì fi ń gbè é. Òkè òkun ni ohùn àwọn orin náà ti wá. Nígbà tí a bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin, nítorí pé ibi tí èdè wa ń lọ sókè, orin ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, tí ó sì fetí sí ohun tí ó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ládípọ̀ ṣe àkójọ orin Àjíǹde kan, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Kíá ni ó di awuyewuye. Àwọn àgbà ìjọ kan kò lè fara mọ́ ọn pé kí ìlù tí a ń lù fún òrìṣà máa dún nínú ilé Ọlọ́run.

Má yára rẹ́rìn-ín sí wọn. Àwọn bàbá wọ̀nyí, tàbí àwọn tí ó bí wọn lọ́mọ, ni wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀ láti wọ inú ìgbàgbọ́, kò sì rọrùn fún wọn. Nínú irú wọn ni àwọn tí ẹbí kọ̀ sílẹ̀ wà, àti àwọn tí ìpín wọn nínú ogún bọ́ lọ́wọ́ wọn. Létí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìlù kì í ṣe igi àti awọ lásán. Orúkọ ni ó ń pè. Ọmọ tí kò jẹ nínú ìyà wọn kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nígbà tí bàtá bá ké. Ṣùgbọ́n ṣé ìlù ni ó jẹ̀bi? Ní àkókò kan náà, ní Ẹdẹ tí ó wà nítòsí, ọba kan wà lórí oyè tí ó ti fi ìṣe rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Ọba John Adétóyèṣe Làóyè ni, ẹni tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975. Kristẹni ni, ọba aládé ni, ó mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ ni ó ti ń lù ú. Ó ń lù ú níwájú àwọn àlejò láti òkè òkun, ó sì kọ̀wé nípa ìlù ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950, kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Rò ó wò, ìwọ òǹkàwé. Iṣẹ́ àwọn ọmọ àyàn ni a ka ìlù lílù sí. Níbi tí ọba bá wà, òun ni a ń lù ú fún. Ọba tí ó bá mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́, ó ti fún ọmọ tí ó fẹ́ràn ìlù ní ohun tí yóò fi dá àwọn tí ń bá a wí lóhùn.

Ládípọ̀ kó orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí ilé eré kan ní Òṣogbo. Wọ́n pè é ní Mbari gẹ́gẹ́ bí ti ẹgbẹ́ kan tí ó ti wà ní Ìbàdàn, èdè Ìgbò sì ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò, wọ́n sì sọ orúkọ náà di tiwọn, wọ́n ń pè é ní Mbárí Mbáyọ̀, èyíinì ni pé bí ojú wọn bá rí i, inú wọn yóò dùn. (Bí Yorùbá ti ń ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nìyẹn; a kì í jẹ́ kí ó wọlé láìwẹ ẹsẹ̀.) Ní ọdún 1963 ni Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kòso jáde. Nínú eré náà, Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, rán Tìmì, jagunjagun tí ń ta ọfà iná, lọ sí Ẹdẹ, ìjà òun àti Gbọ̀nkáà sì ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ìtàn àdúgbò wa yìí ni wọ́n gbé lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1964, bàtá tí àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ nínú ilé ìjọ sì ni àwọn òyìnbó wá jókòó gbọ́.

Ṣùgbọ́n èmi rò pé ohun tí ó ju ìrìn àjò Berlin lọ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rọ́ wá sí Mbárí Mbáyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé jìnnà, wọn kò sì níṣẹ́. Irú àwọn ọmọ tí bàbá kan yóò tọ́ka sí pé "ẹ wò ó, ayé ti bàjẹ́" ni wọ́n jẹ́. Táíwò Ọláníyì, ẹni tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, oníjó tí ń bá olóògùn kan kiri ọjà ni nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1964. Ó di ayàwòrán, àjọ UNESCO sì fi í jẹ oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní ọdún 2005. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, di ayàwòrán pẹ̀lú, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ifẹ̀ ní ìlù lílù. Àwọn tí ó kó wọn jọ kò bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, pátákó, ìlù àti àyè, wọ́n sì jókòó tì wọ́n.

Ìtàn yìí kò dá wà. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ eré ní Èkó ní ọdún 1944. Alárìnjó ni wọ́n ka irú wọn sí, òbí kì í sì í fẹ́ kí ọmọbìnrin òun bá wọn lọ. Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó kí wọ́n má baà fi í sílẹ̀. Èmi kò fi ọwọ́ sí ọ̀nà tí ó gbà yẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí o mọ bí ẹ̀rù náà ti pọ̀ tó. Olórin jùjú ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró. Ní ibi tí ẹmu bá wà ni a ti ń wá àwọn olórin jùjú láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún Dáíró ní oyè MBE ní ọdún 1963. Orin fújì ńkọ́? Láti inú wéré ni ó ti jáde, orin tí àwọn ọmọkùnrin ń kọ kiri ìgboro lóru ní oṣù Ààwẹ̀ láti jí àwọn mùsùlùmí kí wọ́n lè jẹ sààrì. Àwọn ààfáà kan ń bínú pé eré ti wọ inú ìsìn. Ọmọdé ni Síkírù Àyìndé Barrister nígbà tí ó ń jẹ wéré; ó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó sì padà wá sọ orin náà di fújì. Nígbà tí ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2010, àwọn àgbà ni wọ́n sunkún jù. Wọ́n ní kò sí olórin gidi mọ́.

Nígbà tí èmi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1970, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì ń gbálẹ̀ ni ó gbòde, irun wa sì kún bí igbó. Mo rántí olùkọ́ kan tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, tí ó ń gé irun ọmọ láàrin méjì tí ó sì ń fi ìdajì sílẹ̀. Ní ọdún 2019, ní àkókò tí àwọn ọmọlẹ́yìn Naira Marley ń pe ara wọn ní Marlian, ṣòkòtò tí a kò de bẹ́líìtì mọ́ ni ó di ìjà láàrin ọmọ àti òbí. Ìgbà kan ṣòkòtò fẹ̀ jù, ìgbà kan ó ń já wálẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòkòtò gba àkókò rẹ.

Ó ṣeé ṣe kí o ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, kí o sì ti múra láti mú ìwé yìí lọ fún bàbá rẹ pé, "Ẹ wò ó, ọ̀gá ilé-ìwé ní asán ni gbogbo ẹ̀rù yín." Dúró ná. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́ ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà Abẹ́òkúta. Ọkùnrin náà ní ohùn, ó ní làákàyè, èdè sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 1973, orin ni ó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí wọn kò lè ka ìwé ìròyìn; nígbà tí owó Údójì dé, ó kọrin lé e. Olùkọ́ ni ó jẹ́ bí èmi, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìjà àti igbó mímu kò jìnnà sí i, wọ́n kò sì jìnnà sí àwọn tí ń tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi ife lù ú lórí, ó sì kú. Òbí tí ó bẹ̀rù pé kí ọmọ òun má sun ibi eré àpàlà nígbà náà, kì í ṣe orin ni ó ń bẹ̀rù.

Nítorí náà ẹ̀rù méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó máa jà lásán. Ọ̀kan ni ẹ̀rù ohun tí etí kò mọ̀: ìlù, irun, ṣòkòtò, ijó. Ìtàn fi hàn pé èyí kì í pẹ́ kú. Èkejì ni ẹ̀rù ohun tí orin ń kọ́ ọmọ nípa iṣẹ́, nípa owó àti nípa bí a ti ń bá ẹlòmíràn lò, èyí kò sì yẹ kí ó kú. Lóde òní, àwọn orin kan wà tí ń yin ọlọ́rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè ibi tí ó ti rí owó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, tí a ń pè ní ọmọ Yahoo, kò jìnnà sí wa ní àdúgbò yìí. Àwọn mìíràn kò tíì parí ìwé mẹ́wàá. Opó kan ní ilẹ̀ òkèèrè ń sunkún owó rẹ̀, ọmọ wa ń ra ọtí, olórin sì ń ki í. Bí àgbà bá bínú sí irú orin bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ayé.

Wàyí o, ohun kan wà tí ó yàtọ̀ ní àkókò tiyín, n kò sì rí i kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kíyèsí i. Ní ayé àtijọ́, kò sí orin tí ọmọ gbọ́ tí àgbà kò gbọ́. Ìlù ń dún ní gbangba. Bí wéré bá ń kọjá lóru, bàbá tí ó wà lórí ẹní gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní ilé tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì bá wà, inú yàrá àlejò ni ó ń gbé, ọwọ́ bàbá ni ó sì wà. Ẹni tí ó ra àwo orin, gbogbo agbo ilé ni ó rà á fún, bí wọ́n fẹ́, bí wọn kò fẹ́. Àgbà ìjọ Òṣogbo lè bínú sí ìlù Ládípọ̀ nítorí pé ó jókòó níbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ìbínú rẹ̀ kò dára tó, ṣùgbọ́n ìbínú ẹni tí ó gbọ́ ni. Àwọn ènìyàn lè bá a jiyàn, ọba lè mú kọ̀ǹgọ́ dá a lóhùn, nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé sí orílẹ̀-èdè wa. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó kan náà, ó fi ohun kékeré kan di etí rẹ̀ méjèèjì, orí rẹ̀ ń mì. Ìyá kò mọ ohun tí ó ń gbọ́. Olórin náà lè máa kọ́ ọ ní olè jíjà, ó sì lè máa kọ́ ọ ní sùúrù. Ìyá kò lè mọ̀. Nítorí pé kò lè gbọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò bá jà, èyíinì ni irun àti ṣòkòtò. Ọmọ náà yóò sì wí nínú ara rẹ̀ pé àwọn àgbà kò mọ nǹkan kan. Òdodo ni, wọn kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ta ni ó di etí?

Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan láti ilé Adélékè ti Ẹdẹ, nítorí pé orúkọ ọmọ náà wà lẹ́nu gbogbo yín. David Adélékè, tí ẹ ń pè ní Davido, ni wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992. Bàbá rẹ̀ fi í sí yunifásítì Oakwood ní Alabama. Ọmọ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí orin, ó sì padà sí Nàìjíríà. Àkọlé orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 2011 ni "Dami Duro", bí ẹni pé ó ń bá àwọn tí ó fẹ́ dá a dúró sọ̀rọ̀. Bàbá tí kò fẹ́ràn ìwé kọ́ ni bàbá rẹ̀. Ọdún 2011 kan náà ni ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì fi ìbínú rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n kò kọ ọmọ sílẹ̀, ọmọ kò sì kọ etí ikún sí i títí. Ọmọ náà wọ yunifásítì Babcock, ó ń kọrin, ó ń kàwé, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ orin ní ọdún 2015. Ìwọ yóò wí pé olówó ni bàbá rẹ̀, ó sì lè ṣe ohun tí tèmi kò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, owó wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn tí wọ́n ṣe, tí ìkankan nínú wọn kò fi jáde nílé títí láé, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. (Ademola, àbúrò bàbá rẹ̀, tí ó di gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, fẹ́ràn ijó débi pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ kí àgbà máa jó tó bẹ́ẹ̀. Ayé yí po.)

Ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní ọdún tí ó kọjá. Mo ní kí ó yọ ohun tí ó wà létí rẹ̀, kí ó jẹ́ kí orin náà dún síta. Orin ọlọ́rọ̀ kan ni: ọkọ̀, ilé, ẹ̀gbà ọrùn. Nígbà tí ó parí, mo bi í pé, "Iṣẹ́ wo ni ọkùnrin tí wọ́n ń kì yìí ń ṣe?"

Ó ní, "Bàbá àgbà, orin lásán ni."

Mo sọ fún un pé àwọn àgbà ìjọ Òṣogbo àti Dúró Ládípọ̀ kò fi ẹnu kò lórí ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà pé orin kan wà tí ó jẹ́ lásán. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá àgbà, ó ń fi ọkùnrin yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ni." Mo ní kí ó tún un fi sí i. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ṣì sọ pé oríkì olè ni. Òun ṣì sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ti ṣèlérí láti mú orin mìíràn ti olórin náà wá ní ìsinmi tí ń bọ̀ láti fi já mi ní koro.